Bíréèkì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Tẹ̀ Ṣáájú Ọ̀gá

Ọ̀gá Pátápátá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo ohun tuntun ṣáájú òun. Òfin rẹ̀ nìyẹn, ó sì lágbára ní Ọ́fíìsì Ààbò Ojú Pópó ju gbogbo òfin tí ìjọba fọwọ́ sí lọ. Bí wọ́n bá ra àga tuntun, ìdí Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ kàn án. Bí wọ́n bá kọ́ àtẹ̀gùn tuntun, ẹsẹ̀ Ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ gùn ún, kódà bí kò bá ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe lókè. Nígbà tí wọ́n parí ilé ìyàgbẹ́ tuntun sẹ́yìn ọ́fíìsì, ìrìn àjò ni Ọ̀gá wà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n ń dúró dè é, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń sáré la títì kọjá lọ sí báńkì tó wà lódìkejì, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ fowó pamọ́. Ọjọ́ tí Ọ̀gá dé, wọ́n to ìlà, wọ́n na rìbọ́ọ̀nù pupa sẹ́nu ọ̀nà. Ó gé e, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn dúró wọ̀ọ̀ níta, kò sẹ́ni tó húkọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tí omi ṣàn wàrà nínú ilé, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ká ní ẹ̀yin náà ń retí owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ẹ̀ bá pàtẹ́wọ́, ẹ̀ bá sì tún fi súfèé sí i.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í pàtẹ́wọ́ fún un ni ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń hanrun láti ọdún gbọọrọ, tó sì ti bá a lẹ ìdí ṣòkòtò tó ya, ó ṣòro kírú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbọ̀n níwájú rẹ̀. Bàbá wọn ló ń pè é. Ọ̀gá ní ọkọ̀ jíìpù ọ́fíìsì, ó ní dírẹ́bà, ó ní ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú tó jẹ́ ti ilé ni Aránṣọ ń wà. Òun ló fi ń gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ sílé ìwé láràárọ̀, kó tó forí lé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Orí òkè ni ilé wọn wà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan ló ń gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu géètì wọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an sì ni oríta ilé ìwé wà, níbi tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti ń sọdá.

"Bàbá wọn," ni Aránṣọ wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "bíréèkì iwájú ọkọ̀ yẹn ti ń han o. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ń dún bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì bá mi pààrọ̀ páàdì ẹ̀."

Ọ̀gá Pátápátá yọ awò ojú rẹ̀. Ó máa ń yọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ńlá bá fẹ́ jáde.

"Páàdì? Páàdì lásán-làsàn? Kí aráyé wá gbọ́ pé olórí ààbò gbogbo ìlú, páàdì ló ń pààrọ̀ bí aláàárù? Ìyá wọn, o ò tíì mọ ẹni tó fẹ́ ọ. Ìjánu ni n ó fi síbẹ̀! Ìjánu ńlá, ìjánu abàmì, ìjánu tí ọkọ̀ yóò rí tí yóò kúnlẹ̀!"

"Páàdì ni mo tọrọ o. Ẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ti ń bà mí."

"Èmi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì," ni Ọ̀gá wí, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe di pé wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn, tí Aránṣọ àti àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Ọmọbìnrin wọn, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, á máa béèrè lójoojúmọ́ bóyá ọkọ̀ àwọn ti kú ni. Àbúrò rẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan, torí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti máa ń sun oorun rẹ̀ tán.

Ní ọ́fíìsì, ìpàdé ń lọ lórí àwọ̀ tí wọn yóò fi kun kálípà. Kálípà ni irin ńlá tó máa ń fi páàdì gbá díìsì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, mú bí èèyàn bá tẹ bíréèkì. Èyí tí Ọ̀gá rà fi ìlọ́po méjì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré ìje ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnì kan tí kò gbọ́n dábàá pé kí wọ́n kùn ún ní búlúù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé onítọ̀hún lọ máa darí ọkọ̀ ní oríta kan tí ọkọ̀ kì í gbà.

Igbákejì ló dìde. Igbákejì yìí ni ọkùnrin tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà ọ̀gá tó parí.

"Ọ̀gá," ni ó wí, ó sì fọwọ́ lé àyà, "pupa ni, pupa bí oòrùn àárọ̀! Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ ìjánu yìí, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni yóò dúró. Atẹ́gùn á dúró. Ẹyẹ tó ń fò lókè á dúró, á ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí òun máa lọ àbí kí òun dúró sí i."

"Ó tó," ni Ọ̀gá wí. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Kí lo tún ní ẹyẹ náà á sọ?"

Kálípà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ríìmù ọkọ̀ kò gbà á mọ́. Wọ́n ra ríìmù tó tóbi. Ríìmù tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí táyà fi ń ha ara ọkọ̀. Wọ́n gé ara ọkọ̀. Ẹ rántí pé páàdì ni obìnrin yìí tọrọ.

Ọ̀gá wá kéde pé òun yóò ṣí ìjánu náà ní gbangba, ní Ọjọ́ Ààbò, lójú Alága tó ń bọ̀ láti olú ilé iṣẹ́. Àga ńlá kan ṣófo ní olú ilé iṣẹ́ náà, Alága yìí ló sì ń wá ẹni tí yóò jókòó sórí rẹ̀. Ọ̀gá ní òun fúnra òun ni yóò wa ọkọ̀, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun yóò sì jókòó sẹ́yìn, kí Alága lè rí ohun tí wọ́n ń pè ní ìdílé aláàbò. Nítorí pé òfin kì í kú, ó fi kún un pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan bíréèkì náà ṣáájú ẹsẹ̀ òun.

Nígbà tí rírìn sú Aránṣọ, ó gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ láti bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní ọkọ̀ òun. Ẹnu dun mẹkáníìkì yìí púpọ̀. Ó ti ń yin ara rẹ̀ kí obìnrin náà tó kí i tán.

"Màdáámù, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ẹ bá mi wá irú ẹ̀ títí dé ibi tí títì parí sí, ẹ ò ní rí i!"

"Ó mà dára o. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi kí n máa gbé e lọ sílé."

Mẹkáníìkì fò, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Háà! Màdáámù, ẹ má gbẹ́sẹ̀ síbẹ̀! Wọ́n ní ẹsẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ kàn án ṣáájú ti Ọ̀gá. Èmi náà ò tẹ̀ ẹ́. Epo bíréèkì tó yẹ kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ wọlé, ńṣe ni mo tú ìdí ẹ̀ tí mo jẹ́ kó máa kán títí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ fi jáde. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo fi jókòó tì í."

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá tẹ̀ ẹ́, ṣé ó máa dúró?"

Mẹkáníìkì wo òrùlé. Ó wo sípánà ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i, Màdáámù, irin tó ń ti páàdì ṣì wà nínú ihò ẹ̀. Páàdì ò tíì kan díìsì. Tí èèyàn bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, á rì lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá tún un tẹ̀, tó tún un tẹ̀, àwọn irin yẹn á máa jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì le. Kò sí mẹkáníìkì tí kì í tẹ̀ ẹ́ kó tó dá ọkọ̀ padà fólówó ẹ̀."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Mo sọ fún Igbákejì! Ó ní ṣé ẹsẹ̀ tèmi tó kún fún gíríìsì ló yẹ kó ṣáájú ẹsẹ̀ Ọ̀gá ni. Màdáámù, gbogbo ọkọ̀ ọ́fíìsì yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ẹ má jẹ́ n fẹnu kọ."

"Àwọn ọmọ mi ló máa jókòó sẹ́yìn," ni Aránṣọ wí.

Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Iwájú dígí ló ti bá a, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní Ọjọ́ Ààbò dánra wò, ó ń gbé ọwọ́ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ léraléra kí ẹ tó kúrò lójú kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Níwájú Alága? Kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa wa ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wa máṣìnnì ìránṣọ?"

"Máṣìnnì yẹn ló rán kóòtù tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn."

"Ìyá wọn, bí ẹsẹ̀ mi bá kan ìjánu náà lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ohun tí mo bá tẹ̀ ti tẹ̀ nìyẹn." Ó tún kọjú sí dígí.

Inú bí Aránṣọ, ẹ̀rù sì bà á. Ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ronú pé òun lè fi àwọn ọmọ pamọ́ sílé ìyá òun, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ náà ńkọ́? Bí ó ti ń wú tó, òun ṣáà ni bàbá wọn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta tápólì sí ọgbà ọ́fíìsì, wọ́n to àga, wọ́n gbé tábìlì sórí pèpéle fún Alága. Sẹ́yìn pèpéle, wọ́n gbé àwòrán Ọ̀gá ró lórí pátákó kan tó ga ju ilé ọ́fíìsì lọ, ó na àtẹ́lẹwọ́ síta bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹnu géètì lókè ọgbà ni ọkọ̀ yóò ti gbéra, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò já rìbọ́ọ̀nù, yóò sì dúró lórí ìlà funfun kan níwájú pèpéle. Òṣìṣẹ́ ló fọwọ́ ti ọkọ̀ náà débẹ̀, àwọn kan sì ń fi okùn fà á sẹ́yìn kó má baà sáré, torí kò sẹ́ni tó láyà láti tẹ bíréèkì. Wọ́n fi òkúta há táyà.

Igbákejì ń rìn láàárín àwọn òṣìṣẹ́. "Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, ẹ pàtẹ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sinmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sinmi, mo máa rí i."

Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Áà, ó sọ̀rọ̀! "Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí, "gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ta ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró? Èmi ni! Kí n tó dé ipò yìí, ṣé ẹ rí ohun tó ń dúró? Èmi ni mo dá ìdúró sílẹ̀!" Alága, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rò pé ńṣe ló fẹ́ mọ àkókò tí ọ̀rọ̀ mánigbàgbé náà jáde, ó bá fi kún un.

Nígbà tó parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan gòkè lọ síbi ọkọ̀. Àwọn ọmọ ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ líle tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa. Kí Ọ̀gá tó dé, Aránṣọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rì lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó tún un tẹ̀, ó rì díẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹni tó wà nídìí máṣìnnì rẹ̀, títí pẹ́dà náà fi le gírígírí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ti dáa báyìí," ni ó wí, ó sì bọ́ sílẹ̀.

Igbákejì káwọ́ lérí. "Yéè! Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́! Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ o!" Àwọn òṣìṣẹ́ kan bojú. Ọrùn Ọ̀gá wú títí bọ́tìnnì kan fi já.

"Ẹ tú u!" ni ó kígbe. "Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà! Mẹkáníìkì, tú u!"

Lójú gbogbo àlejò, mẹkáníìkì gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, ó yọ táyà iwájú méjèèjì, ó fi irin ti gbogbo ohun tó jáde padà sínú ihò rẹ̀, ó tún dè é. Alága béèrè omi. Nígbà tó mu ún tán, ó tún béèrè òmíràn.

"Ọ̀gá," ni mẹkáníìkì sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ó ti padà sí rírì o."

"Ẹsẹ̀ mi ni yóò gbé e dìde."

Aránṣọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́, mú àbúrò ẹ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ìyá wọn!" Ohùn Ọ̀gá lọ sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú Alága ni?"

"Ẹ bínú sí mi, Bàbá wọn. Àwọn ọmọ mi ò ní jókòó síbẹ̀." Gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ọn, tó sọ èyí tí ọkọ rẹ̀ nìkan gbọ́: "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gbéra. Mo bẹ̀ yín."

Ọ̀gá kàn kọjá lára rẹ̀. Ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó sì wo ẹ̀yìn tó ṣófo. "Igbákejì! Wọlé."

Igbákejì, tí mẹkáníìkì ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún, rántí lójijì pé inú ń run òun. Ó ní bóyá kí òun dúró níta, kí òun lè rí ẹwà ìdúró náà dáadáa. Ọ̀gá wò ó. Igbákejì wọlé, ó sì so bẹ́líìtì mọ́ra bí ẹni ń di ẹrù.

Wọ́n yọ òkúta. Wọ́n jọ̀wọ́ okùn. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́ ná, kálípà pupa ń dán nínú ríìmù. Ó já rìbọ́ọ̀nù. Ìlà funfun sún mọ́, Ọ̀gá Pátápátá sì gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tẹ ìjánu náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tọlátọlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó wá dúró de ọkọ̀ kó gbọ́ràn.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìdúró o," ni Igbákejì wí, torí àṣà ti mọ́ ọn lára. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń kọjá. "Ọ̀gá, ìdúró náà ń bọ̀, àbí? Ọ̀gá! Ẹ tún un tẹ̀! Ẹ dákun, nítorí Ọlọ́run, ẹ tún un tẹ̀!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́!" ni Ọ̀gá wí.

Alága mú báàgì rẹ̀, ó dìde, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ kọjá ìlà funfun, ó gun pèpéle, ó gbé tábìlì, ó gbé ife omi, ó sì wọ ikùn àwòrán Ọ̀gá lọ ràì. Ibẹ̀ ló dúró sí. Pátákó náà ronú díẹ̀, ó wá tẹ̀ síwájú, ó bo ọkọ̀ àti àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ ti dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń pa àtẹ́wọ́ náà lọ ṣáá, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sinmi, Igbákejì tó sì yẹ kó dá wọn dúró ń wá ọ̀nà àbáyọ lábẹ́ pátákó. Aránṣọ nìkan ló sáré. Ó gbé etí pátákó sókè, ó fa ọkọ rẹ̀ jáde, ó tú u wò láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é ju pé kóòtù ya. Igbákejì ni imú rẹ̀ wú.

Alága gbọ́wọ́ sókè, pípàtẹ́wọ́ dákẹ́. "Ta ló ní kí wọ́n má tẹ bíréèkì yẹn tẹ́lẹ̀?"

Mẹkáníìkì na ìka sí Igbákejì. Igbákejì na ọwọ́ méjèèjì sí Ọ̀gá. "Òun ni, Mà! Ojoojúmọ́ ni mò ń kìlọ̀ fún wọn pé àṣejù ni baba àṣetẹ́!"

Alága kọjú sí Aránṣọ. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ jáde?"

"Torí bíréèkì rì, Mà."

Alága yíjú sí Ọ̀gá. "Ìyàwó yín mọ̀. Mẹkáníìkì mọ̀. Igbákejì yín mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má ṣe ohun tí wọ́n mọ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́, ó lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba jíìpù lọ́wọ́ Ọ̀gá, wọ́n gba dírẹ́bà, wọ́n gba ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń kó àmì ojú pópó tó ti wọ́ sí, kó máa ṣọ́ wọn. Igbákejì ló ń di àga rẹ̀ mú. Wọ́n ní òun náà ti ń béèrè rìbọ́ọ̀nù. Aránṣọ ní kí mẹkáníìkì bá òun na imú ọkọ̀, kó dá kálípà àtijọ́ padà, kó sì fi páàdì tuntun sí i. Kò kúrò níbẹ̀ títí mẹkáníìkì fi tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tuntun, ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilé. Ó dúró títí. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ṣí i, òun fúnra rẹ̀ ṣí i. Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́ ló bá níbẹ̀.

"Bàbá, ibi tèmi nìyí. Iwájú ló ṣófo."

Ó lọ síwájú. "Ẹ so bẹ́líìtì, Bàbá wọn," ni Aránṣọ wí. Ó so ó.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ dé oríta ilé ìwé, ọkùnrin kan ti ọmọlanke já sójú títì láìwo ẹ̀yìn. Aránṣọ tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò han, kò mì. Ọkùnrin náà juwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti dijú. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan, ó tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí ojú kan.

Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́ na ọrùn síwájú láàárín àga méjèèjì. "Bàbá, kò sí bíréèkì níbẹ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ Màámi ló wà."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wọn wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.